Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama: Ìmúrasílẹ̀ fún Iṣẹ́ Ọjọ́ Ayé



Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi wá ní ilẹ̀ Igbómìnà yìí, pàápàá ní àkókò tí ọmọ bá parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì yẹ kí ó yan àwọn ẹ̀kọ́ tí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Wọn a ní, "Bàbá Àlùfáà, ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òun fẹ́ràn. Ṣé nítorí kí ó lè di àgbẹ̀ ni a ṣe ń san owó ilé-ẹ̀kọ́? Bí ó bá jẹ́ ọkọ́ ni ó fẹ́, ọkọ́ wà nílé."

Àwa kì í fi ìbéèrè yìí ṣe ẹ̀rín. Ẹni tí ó ti fi ọkọ́ kọ ebè láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sì fẹ́ kí ojú ọmọ rẹ̀ rí i. Ìfẹ́ ni ó ń mú un sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi yan ọ̀nà fún ọmọ; ìmọ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín ní Òmùpo lónìí, kí a lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ibo ni ó lè gbé ọmọ dé, kí sì ni ó ń mú kí ó já sí asán nígbà mìíràn?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé àwa pàápàá jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ tí a ń ṣe àbójútó nígbà náà wá bá wa, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì. A gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wá nǹkan tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, ó kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, ó sì lo ọdún púpọ̀ ní Èkó níbi tí ó ti ń wá iṣẹ́ kiri, nígbà tí oko bàbá rẹ̀ ń di igbó. Àwa kò lè sọ pé bí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ayé rẹ̀ ìbá dẹrùn. Ohun tí a lè sọ ni pé nígbà tí a ń gbà á nímọ̀ràn, a kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́ náà. Àìmọ̀ ni a fi ṣe ìmọ̀ràn.

OHUN TÍ BÀBÁ MỌ̀, ÀTI OHUN TÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ FI KÚN UN

Kí a tó sọ ohun tí ẹ̀kọ́ yìí jẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí kò jẹ́. Kì í ṣe pé olùkọ́ yóò wá kọ́ ọmọ àgbẹ̀ bí a ti ń di ọkọ́ mú. Àgbẹ̀ Òmùpo tí kò mọ̀wé mọ ilẹ̀ tí ó yẹ iṣu, ó mọ èyí tí ó yẹ ọkà bàbà, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí a bá ń gbìn lọ́dọọdún láìjẹ́ kí ó sinmi yóò ṣá. Ọgbọ́n ni èyí, òógùn ni a sì fi rà á. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ń sọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ fún wa. Kì í sábà sọ ìdí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìdí àti ìwọ̀n ni ilé-ẹ̀kọ́ fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ díẹ̀ wá. Bàbá mọ̀ pé àgbàdo máa ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tí a ti gbin ẹ̀wà sí rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ yóò fa ẹ̀wà tu, yóò rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ó wà lára gbòǹgbò rẹ̀, a ó sì kọ́ ọ pé àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú kókó wọ̀nyí, tí wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ewéko. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní máa ti ewé àti gbòǹgbò ẹ̀wà bọ iná lẹ́yìn ìkórè.

Ẹ tún wo àpò ajílẹ̀ tí a ń rà lọ́jà. A kọ 15-15-15 sí i lára. Àgbẹ̀ púpọ̀ rò pé àmì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni: nínú ọgọ́rùn-ún ìpín, 15 jẹ́ náítírójìn, 15 jẹ́ fọ́sífétì, 15 sì jẹ́ pọ́táàṣì. Nítorí náà, nínú àpò kan tí ó wọn kílò 50, kílò 7.5 péré ni a rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó lè ka àkọlé yìí yóò mọ iye tí ó ń rà, yóò mọ iye tí ó yẹ kí ó fi sídìí irúgbìn, kò sì ní fi owó ṣòfò.

Ní ti ìgbìn, bí a bá gbin àgbàdo ní ìlà tí ó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 75, tí a sì fi sẹ̀ǹtímítà 25 sáàárín igi kan àti èkejì nínú ìlà, igi àgbàdo 53,333 ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Ìṣirò tí ọmọ sọ pé òun kò mọ ohun tí a fi ń ṣe nìyí. Láti inú rẹ̀ ni yóò ti mọ iye irúgbìn tí yóò rà, iye igi tí kò hù, àti iye ìkórè tí ó yẹ kí ó máa retí.

Ọ̀rọ̀ iṣu ni ó sún mọ́ wa jù lọ. Gbogbo yín mọ̀ pé nígbà tí a bá wa iṣu tán, apá kan tí kò kéré nínú rẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ jẹ, tí a kò sì gbọ́dọ̀ tà, nítorí òun ni èbù ọdún tí ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn onígbòǹgbò tí ó wà ní Umudike, pẹ̀lú àwọn ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, wá ọ̀nà kan fún èyí: a ó gé iṣu sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nǹkan bí gíráàmù 25, kí ó sì ní èèpo lára, nítorí láti ara èèpo ni yóò ti hù. A ó fi oògùn tàbí eérú pa á lára kí ó má baà jẹrà, a ó sì gbìn ín. Nínú iṣu kan tí ó wọn kílò 1, a lè gé bí ogójì. Èyí tí ó bá hù nínú wọn yóò di èbù. Ṣé ọkọ́ tí ó wà nílé lè kọ́ ọmọ ní èyí?

Bákan náà ni ti gbágùúdá. Àrùn kan wà tí í máa ká ewé rẹ̀ kò, tí í sì í mú kí ewé náà ní àbàwọ́n pupa-rúsúrúsú, tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì kéré. Ní ọdún 1971, ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan tí ń jẹ́ Sang Ki Hahn dé sí IITA ní Ìbàdàn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ títí wọ́n fi rí irú gbágùúdá tí àrùn náà kò lè tètè borí. Irú náà tàn ká ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ mìíràn ní Áfíríkà. Àwọn ará Ìkirè fi ọkùnrin yìí jẹ oyè Séríkí Àgbẹ̀. Ẹ kíyèsí i: kì í ṣe ọkọ́ ni ó fi gba oyè náà, bí kò ṣe ìmọ̀ nípa irúgbìn, àti sùúrù láti máa fi ọ̀kan wé èkejì lọ́dọọdún.

IBI TÍ Ẹ̀GÀN TI WÁ

Bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a fi ń gan ẹ̀kọ́ yìí? Ìdí méjì ni a rí.

Èkínní wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwa wà ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹnìkan bá pẹ́ dé, tàbí tí ó bá pariwo nínú kíláàsì, àdá ni a óò fi lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ ṣán koríko. Nígbà mìíràn, oko olùkọ́ ni a ń rán wa lọ ro, a sì ń pe èyí ní ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a fi oko jẹ níyà fún ọdún mẹ́fà, báwo ni yóò ṣe gbà gbọ́ ní ọdún keje pé iṣẹ́ ọlá ni? Ohun tí a fi ṣe ìjìyà fún ọmọ, òun ni ọmọ yóò máa sá fún títí ayé rẹ̀. Àṣà yìí kò tíì tán, ó sì yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbọ́ wa fòpin sí i.

Ìdí kejì ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1920, ìgbìmọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, tí àjọ Phelps-Stokes rán, rin ìrìn-àjò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. James Aggrey, ọmọ ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, wà nínú wọn. Wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé-ayé àwọn ènìyàn mu, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé àti òbí nígbà náà kò fi tọkàntọkàn gba ìmọ̀ràn yìí. Wọ́n fura pé ńṣe ni a fẹ́ fi ọkọ́ dípò ìwé, kí ọmọ aláwọ̀ dúdú má baà dé ibi tí ọmọ aláwọ̀ funfun dé.

Àwa kò dá wọn lẹ́bi. Bí a bá fún ọmọ kan ní ìwé tí ó lè sọ ọ́ di dókítà tàbí agbẹjọ́rò, tí a sì fún èkejì ní ọkọ́ tí kò lè gbé e kúrò ní ibi tí ó wà, àbòsí ni, bí a tilẹ̀ pè é ní ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ti òní yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú ìdánwò WAEC àti ti NECO ní ẹ̀gbẹ́ kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì, a sì ń dán ọmọ wò nínú ohun tí ó kà àti nínú ohun tí ojú rẹ̀ dá mọ̀: irúgbìn, kòkòrò, ajílẹ̀, irinṣẹ́, àti ẹ̀yà ara ẹranko. Ẹni tí ó yege nínú rẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ ara rẹ̀. Kò gba ọkọ́ dípò ìwé. Ìwé ni ó gbà, ọkọ́ sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe ibi ìsinmi fún ẹni tí kò fẹ́ kà ìwé. Ní gbogbogbòò, ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì tàbí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mìíràn. Ọdún márùn-ún ni yóò lò níbẹ̀, yóò sì lo apá tí ó pọ̀ nínú ọ̀kan lára ọdún wọ̀nyí lórí oko. Ọmọ tí ó bá sá fún kẹ́mísírì nítorí pé àgbẹ̀ ni òun fẹ́ ṣe ti sá fún iṣẹ́ àgbẹ̀ náà.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀nà tí ó jáde láti inú ẹ̀kọ́ yìí kò jẹ́ ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tí yóò dá oko tirẹ̀, ìbáà ṣe ti irúgbìn, ti adìyẹ, ti ẹja, tàbí ti igi kaṣú tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè wa. Èkejì ni oníṣègùn ẹranko, tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò ṣe é ní àǹfààní. Ẹ̀kẹta ni ẹnjiníà tí ń ṣe ẹ̀rọ oko. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí ń wádìí ilẹ̀, irúgbìn tàbí àrùn. Ẹ̀karùn-ún ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń lọ láti oko dé oko láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Ẹ̀kẹfà ni olùkọ́. Ẹ̀keje ni ẹni tí ń sọ irè oko di ohun mìíràn: tí ń fi gbágùúdá ṣe gàrí àti ìyẹ̀fun, tí ń fún òróró, tí ń fi ẹ̀mí ṣe òrí, tí ń tọ́jú àgbàdo kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ti ń ṣe láti ìgbà láéláé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ọmọbìnrin.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè gba ọmọ wa kò sì jìnnà. Ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Moor Plantation ti wà láti ọdún 1921. Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975, ó sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 1988 ni ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní Òmù-Àrán níhìn-ín, ìjọ Living Faith ṣí Yunifásítì Landmark ní ọdún 2011, ó sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe òpómúléró ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní Ìdọ̀fián, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn kan náà pẹ̀lú Òmùpo, ni ìjọba àpapọ̀ fi ibùdó ìwádìí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ, tí a sì ń dán katakata àti irinṣẹ́ oko wò. Mélòó nínú yín ni ó ti mú ọmọ rẹ̀ dé ẹnu-ọ̀nà ibẹ̀ rí? Ẹlòmíràn ti rìn kọjá rẹ̀ ní ìgbà àìmọye lọ sí Ìlọrin, kò sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ÌLÀ-OKO ÀWỌN ARÁ ÌWỌ̀-OÒRÙN KỌ́ WA

A kì yóò ṣe olóòótọ́ bí a bá sọ ti ọ̀nà tí ó dára nìkan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba mọ̀ pé láìpẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ yóò jáde, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì ní kárí wọn. Nítorí náà, ní ọdún 1959, ó gbé ètò abúlé oko kalẹ̀, irú èyí tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ lè máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì máa dáko lọ́nà ìgbàlódé. A dá irú abúlé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrà, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní ibòmíràn. Àwa ará Ìlọrin wà lábẹ́ ìjọba Àríwá nígbà náà, nítorí náà ètò yìí kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá.

Èrò náà dára, a sì ná owó púpọ̀ lé e lórí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi oko sílẹ̀. Kí ni ó fà á? Èkínní, a gbin kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà, èyí tí kì í so títí ọdún mélòó kan yóò fi kọjá, ọ̀dọ́ kò sì lè fi ìrètí nìkan jẹun. Èkejì, gbèsè ilé àti irinṣẹ́ wà ní ọrùn wọn kí wọ́n tó ta ohunkóhun. Ẹ̀kẹta, púpọ̀ nínú wọn wá nítorí pé wọn kò rí iṣẹ́ mìíràn, kì í ṣe nítorí pé wọ́n yan iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wo ara wọn bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń retí owó oṣù. Nígbà tí iṣẹ́ mìíràn yọ ní ìlú, wọ́n kó ẹrù wọn.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ilé, ilẹ̀ àti katakata kò lè sọ ẹni tí kò múra sílẹ̀ di àgbẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ibi tí ó sì yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí ọmọ ṣì ń jẹun lọ́wọ́ òbí rẹ̀, tí ó lè ṣe àṣìṣe lórí ilẹ̀ kékeré, tí ebi kò sì ní pa á nítorí rẹ̀.

BÍ A TI Ń MÚRA ỌMỌ SÍLẸ̀

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí èyí tipẹ́. Ní ọdún 1917, ìjọba wọn ṣe òfin kan, tí a ń pè ní òfin Smith-Hughes, láti fi owó ran ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Òfin náà pàṣẹ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gba owó náà gbọ́dọ̀ rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe iṣẹ́ oko gan-an, lábẹ́ ojú olùkọ́, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lọ́dọọdún, ìbáà ṣe ní oko ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní oko ilé bàbá rẹ̀. Wọn kò gbà pé ìwé nìkan tó.

Ẹ sì jẹ́ kí a wo ibi tí ó sún mọ́ wa. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin, àlùfáà ìjọ Páàdì kan, Godfrey Nzamujo, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ibùdó Songhai ní ọdún 1985 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan péré. Níbẹ̀, ohun kan kì í ṣòfò: ìgbẹ́ ẹran ni a fi ń ṣe ajílẹ̀, a sì ń mú afẹ́fẹ́ tí a fi ń dáná jáde láti inú rẹ̀, ìdin tí a ń sìn lórí ohun ìdọ̀tí ni oúnjẹ ẹja, omi ẹja ni a fi ń rin ẹ̀fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ kì í ṣe bí a ti ń gbìn nìkan, bí kò ṣe bí a ti ń tọ́jú irè, bí a ti ń tà á, àti bí a ti ń ṣe ìṣirò owó rẹ̀. Ní ọdún 1993, a fún àlùfáà yìí ní ẹ̀bùn Áfíríkà fún aṣáájú rere nítorí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin yóò ní, "Òmùpo kì í ṣe Amẹ́ríkà, a kò sì ní ibùdó bí ti Songhai." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a lè ṣe nílé kò ju agbára wa lọ. Kí bàbá wọn ilẹ̀ kan fún ọmọ rẹ̀ nínú oko, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 20, kí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 10. Bí ọmọ bá gbin àgbàdo síbẹ̀ ní ìwọ̀n tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, igi àgbàdo tí yóò wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ díẹ̀. Kí ó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá: kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìkórè, nítorí bí a bá gba irè ọmọ, a ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ọmọ náà ní ìwé kan. Kí ó kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ sínú rẹ̀, ọjọ́ tí ó gbìn, iye tí ó fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀, iye ọjọ́ tí ó fi ro oko, irú kòkòrò tí ó rí, ìwọ̀n ohun tí ó ká, àti iye tí ó tà á. Kí ó tún kọ iye owó tí ìbá san bí ó bá jẹ́ pé alágbàṣe ni ó bá a ṣe iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rò pé àwọn ń jèrè, nígbà tí ó jẹ́ pé agbára ara wọn ni wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀. Bí ó bá pàdánù, kí a má fi í ṣẹ̀sín. Kí bàbá jókòó tì í, kí wọ́n jọ ka ìwé náà, kí wọ́n wá ibi tí àdánù ti wọlé. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n bàbá àti ìmọ̀ ọmọ yóò ti pàdé, èkínní kò sì ní gan èkejì.

Bí ọmọ bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí yóò bá fi jáde ilé-ẹ̀kọ́, yóò ti mọ ohun kan tí ìwé-ẹ̀rí kò lè sọ fún un: yóò mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà, tàbí òun kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ohun tí ó sọnù. Yóò ti mọ ìṣirò owó, yóò ti mọ sùúrù. Bí ó bá sì fẹ́ràn rẹ̀, kì yóò wọ inú rẹ̀ bí ẹni tí kò rí ibòmíràn sá sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kò dára kí a máa yin iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọ̀dọ́, kí a sì máa fi ilẹ̀ ẹbí dù ú. Bí ọmọ ilé bá kàwé dé, tí ó sì ní òun fẹ́ dáko, kí àwọn àgbà ilé jókòó, kí wọ́n sọ ibi tí yóò lò àti iye ọdún tí yóò fi lò ó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá a óò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun ní ọdún tí ń bọ̀ kò lè gbin igi kaṣú, kò sì lè náwó lé ilẹ̀ náà lórí.

NÍ ỌJỌ́ ÌKÓRÈ

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Olúkúlùkù wa mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ṣe nínú ìjọ. Nígbà tí ọmọ ìjọ bá di agbẹjọ́rò, a ó dúpẹ́ fún un, a ó pè é jáde, a ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ètò ìsìn. Nígbà tí ọmọ ìjọ bá gba oyè nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ìyá rẹ̀ a fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni pé ọmọ náà ṣubú lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ọjọ́ Ìkórè bá dé, a ó gbé iṣu, àgbàdo àti ògèdè wá síwájú pẹpẹ Ọlọ́run, a ó ní ohun tí ó dára jù lọ nìyí. Báwo ni a ṣe lè fi irè oko ṣe ọrẹ mímọ́, kí a sì máa fi ẹni tí ó mú un jáde ṣe ẹni ẹ̀yìn?

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni àwa ń bẹ̀ yín fún. Ní ọjọ́ Ìkórè tí ń bọ̀, kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó bá ní ilẹ̀ tirẹ̀ mú irè rẹ̀ wá, kí ó sì mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá pẹ̀lú. Kí a pè wọ́n jáde gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe àwọn ẹlòmíràn. Kí àwọn àgbẹ̀ àgbà inú ìjọ yẹ irè náà wò, kí àwọn olùkọ́ sì yẹ ìwé náà wò. Àwa pẹ̀lú yóò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí a ní ohun tí a fẹ́ kọ́ níbẹ̀ kí ọ̀dọ́ mìíràn tó tún wá bi wá ní ìbéèrè tí a kò mọ ìdáhùn rẹ̀ nígbà kan rí.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó fi ọkùnrin àkọ́kọ́ sínú ọgbà kí ó máa ro ó, bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.